Àwọn Ìbejì Orí Pápá Mákùn

Kò sí ọmọ tó máa ń fẹ́ sáré ọ̀nà jíjìn. Bí mo bá dúró níwájú àwọn ọmọ ilé-ìwé pé mo fẹ́ mú eléré ìje, ọgọ́rùn-ún mítà ni gbogbo wọn máa ń tò sí, nítorí ibẹ̀ ni ariwo àti àtẹ́wọ́ wà. Àwọn tó bá ṣẹ́kù, tí wọn ò yára, tí wọn ò ní bàtà, tí wọn ò sì lẹ́nu láti fi bá mi jiyàn, àwọn ni mo máa ń kó lọ sí eré ọ̀nà jíjìn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ilé-ìwé ìjọba kan ní Mákùn, ní Ṣàgámù, àwọn àṣẹ́kù yìí náà ni mo sì fẹ́ràn jù.

Pápá wa kì í ṣe pápá gidi. Ilẹ̀ gbalasa kan ni, tí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá. Eérú ni mo fi ń fa ìlà sí i, nítorí ọ̀dà funfun tí wọ́n ní àwọn máa rà fún mi kò dé rí. Bí mo bá fa ìlà tán láàárọ̀, àwọn ewúrẹ́ á ti tẹ̀ ẹ́ pa kó tó di ọ̀sán. Ọlọ́kadà á gba àárín àwọn ọmọ mi kọjá níbi tí wọ́n ti ń sáré, á tún máa bú wọn pé wọn ò ríran. Èmi náà á bú u padà, màá sì fi ti baba rẹ̀ kún un. Ẹnu mi ò dáa, gbogbo Mákùn ló mọ̀.

Lẹ́yìn ọdún Kérésì, nígbà tí ọyẹ́ bá ṣì ń fẹ́, ni ìgbaradì wa máa ń bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ kùtù, kí wọ́n tó lu aago ilé-ìwé, a ó gba ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́ lọ ní etí títì, àwọn ọmọ lórí ìlà kan ṣoṣo, èmi lórí ọ̀kadà lẹ́yìn wọn pẹ̀lú fèrè lẹ́nu. Àwọn tírélà á máa da eruku bò wá. Ọkàn mi kì í balẹ̀ títí a ó fi padà wọlé.

Ọdún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò tíì jìnnà. Ọdún náà ni àwọn ìbejì kan wọ ẹgbẹ́ mi, ọmọbìnrin méjèèjì, tó ku ọdún kan péré kí wọ́n ṣe ìdánwò àṣejáde. Wọ́n jọra débi pé àwọn tíṣà máa ń na ọ̀kan fún ẹ̀ṣẹ̀ èkejì. Èmi ni mi ò ṣì wọ́n mọ̀ rí, torí pé ìṣísẹ̀ wọn ni mo fi ń dá wọn mọ̀. Èyí tó kọ́kọ́ wáyé, tó jẹ́ àbúrò gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ ló fi máa ń lu ilẹ̀, wàá gbọ́ ìró rẹ̀ kó tó yọ. Èyí tó kẹ́yìn dé, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í fẹ́ẹ́ kan ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló lẹ́sẹ̀ eré. Ti àbúrò kò tó tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó láyà, kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà níwájú òun.

Mo rò ó títí, mo ní bí Ọlọ́run ṣe tò wọ́n náà ni kí n ṣe tò wọ́n. Ṣebí wọ́n máa ń sọ pé ẹ̀gbọ́n ló ń rán àbúrò ṣáájú pé kó lọ tọ́ ayé wò. Mo wá ní kí àbúrò máa ṣáájú, kó máa fa eré náà, kí ẹ̀gbọ́n fara mọ́ ọn lẹ́yìn pẹ́kípẹ́kí. Bó bá ku díẹ̀ kí eré parí, kí àbúrò yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ̀gbọ́n máa lọ. Bí a ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn. Nígbà tí a lọ sí ìdíje agbègbè, ẹ̀gbọ́n ló ṣe ipò kìíní, àbúrò ṣe ìkẹta. Inú mi dùn débi pé mo ra gúgúrú àti ẹ̀pà fún gbogbo ẹgbẹ́, àwọn ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn pé kí ló ṣe Àǹtí lónìí.

Ohun tó kàn lẹ́yìn ìyẹn ni ìdíje ìpínlẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ohun tó sì wà níbẹ̀ ju ife ẹ̀yẹ lọ. Àwọn kan máa ń wá síbẹ̀ láti ilé-ìwé kan nínú ìlú yẹn náà, tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọmọ tó mọ eré sá. Ọmọ tó bá wà nínú àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́, wọ́n á mú un. Á máa gbé ọ̀dọ̀ wọn, á máa jẹun níbẹ̀, á sì kàwé títí á fi ṣe ìdánwò àṣejáde láìná ìyá rẹ̀ ní kọ́bọ̀. Àwọn ìbejì yìí kò ní baba. Awakọ̀ tírélà ni baba wọn, ojú títì márosẹ̀ ló kú sí nígbà tí wọ́n ṣì wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ìyá wọn ń bá àwọn oníṣòwò obì ṣiṣẹ́. Òun àti àwọn obìnrin mìíràn máa ń jókòó sínú ìsọ̀, wọ́n á máa bó obì, wọ́n á ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò, wọ́n á sì to èyí tó dáa sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ewé tẹ́, kí ọkọ̀ tó kó o lọ sókè Ọya. Obì náà kì í ṣe tirẹ̀. Ó ti sọ fún mi pé agbára òun ò ká ìdánwò ọmọ méjì, pé bí nǹkan bá rí bó ṣe rí yìí, ó ṣeé ṣe kí ìwé parí fún àwọn méjèèjì. Mo bá ṣe ìṣirò tèmi. Bí ẹ̀gbọ́n bá wọ ilé-ìwé eléré yẹn, ìyá á kúkú lè gbé ẹrù ẹnì kan tó kù.

Mo lọ bá a ní ìsọ̀ obì. Mo kúnlẹ̀ kí i, òun náà sún apẹ̀rẹ̀ kan fún mi kí n jókòó lé e. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ̀gbọ́n yìí máa wọlé. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà. Ti àbúrò ni mi ò lè ṣèlérí."

Kò gbójú sókè. "Ẹ ní ọ̀kan ni wọ́n máa mú?"

"Ó lè jẹ́ ọ̀kan, mà. Ó lè jẹ́ méjèèjì."

"Kí ọ̀kan wá wà ní Abẹ́òkúta, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ mi níbí?"

"Á máa wálé ní ìsinmi, mà. Abẹ́òkúta kì í ṣe ìlú òyìnbó."

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Bí inú bá ń bí i, èdè Rẹ́mọ rẹ̀ máa ń le sí i. "Àǹtí, mé è ya ọmọ mi. Ohun tí mo bá ṣe fún ọ̀kan ni mo máa ń ṣe fún èkejì. Nígbà tí ara ọ̀kan gbóná tí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, mo bẹ nọ́ọ̀sì pé kó fọwọ́ tẹ apá èkejì náà, kó má baà rò pé mo fẹ́ràn ọ̀kan jù. Ẹ̀gbọ́n mi bí ìbejì. Ìyá ọkọ rẹ̀ mú ọ̀kan lọ sí Ìsarà pé òun á bá a tọ́ ọ. Ọdún ò yípo tí èyí tó wà nílé fi kú. Kì í ṣe àìsàn kankan. Ó kàn kọ oúnjẹ."

Àwọn obìnrin tó kù nínú ìsọ̀ mi orí pé òótọ́ ni. Mo jiyàn, mo ní ti ọjọ́un yàtọ̀ sí tòní, mo ní ìwé ni mò ń sọ, mi ò sọ pé kí wọ́n gba ọmọ ẹnikẹ́ni lọ. Ohùn mi ti ga kí n tó mọ̀. Ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó sí igun ní, "Àǹtí, ẹ rọra. Ọmọ rẹ̀ ni." Ojú tì mí.

Nígbà tó yá, Ìyá Ìbejì gbé ọ̀bẹ rẹ̀ padà. Ó ní, "Ẹ máa kó wọn lọ. Ọlọ́run tó kó wọn wá pọ̀ á jẹ́ kí wọ́n wọlé pọ̀."

Mo ní àmín. Nínú mi lọ́hùn-ún, mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ àbúrò ò gbé e dé ibi tí àdúrà yẹn ń lọ, àmọ́ èmi náà ń retí àánú.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, mo bá bọ́ọ̀sì tí a háyà lọ mú wọn nílé. Mi ò tíì wọ agboolé tí òórùn epo pupa fi pàdé mi lọ́nà. Ìyá wọn ti jí gbé ẹ̀wà kaná, ó ti pe àwọn ọmọdé agboolé jọ yí àwo ńlá kan ká, ó ń fi ẹ̀wà ṣe sàárà kí ọ̀nà lè là fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ìyẹn kò burú. Ta ni yóò ní ìbejì tí wọ́n ní ọjọ́ ńlá níwájú tí kò ní se ẹ̀wà? Ohun tó burú ni pé àwọn ìbejì fúnra wọn ló jókòó sí iwájú àwo náà, tí wọ́n ń jẹ ẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni mo ti ń sọ ọ́ sí wọn létí pé búrẹ́dì àti tíì díẹ̀ ni kí wọ́n fi panu, pé ẹni tó fẹ́ sáré kì í fi ẹ̀wà dí inú.

Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí ni mo sọ fún yín?"

Àbúrò ní, "Àǹtí, màámi ló ní ká jẹ ẹ́. Wọ́n ní a ò lè kọ ọ́."

Ẹ̀gbọ́n kò jẹ tó nǹkan, ó kàn ń fi ṣíbí da ẹ̀wà rú. Àbúrò kì í kọ oúnjẹ ní tirẹ̀, ó ti yó. Ìyá wọn rẹ́rìn-ín sí mi, ó bu tèmi sínú abọ́ kékeré kan, ó ní kí n gbà, kí n lè bá wọn pín nínú oore ọjọ́ náà. Kí ni mo fẹ́ wí? Kí n ní kí ọmọ pọ oúnjẹ sàárà jáde lójú ìyá rẹ̀? Mo gbà á, mo jẹ ẹ́, ó sì dùn. Nígbà tí wọ́n ń wọ bọ́ọ̀sì, ó di àwọn méjèèjì mú pọ̀, ó ní, "Ẹ má fi ara yín sílẹ̀ o." Wọ́n dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé àwọn ti gbọ́.

Ọ̀sán ni eré wọn bọ́ sí, oòrùn sì ti mú. Bí wọ́n ṣe yìnbọn ni àbúrò bọ́ síwájú gẹ́gẹ́ bí iṣe rẹ̀, ẹ̀gbọ́n wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ ilé-ìwé mìíràn tẹ̀lé wọn. Mo fọkàn balẹ̀ díẹ̀. Ó tó ìdajì eré kí n tó rí i tí àbúrò fi ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́. Ó sọ ọwọ́ sílẹ̀, ó tún fi kàn án. Ẹ̀yin tí ẹ ti sáré rí mọ irú ìrora yẹn, abẹ́ ìhà ló máa ń gún, kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn mí. Ìṣísẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Ẹ̀gbọ́n dúró tì í lẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀, ó ń retí kó tún yára, títí àwọn mìíràn fi kọjá wọn. Mo pariwo pé, "Gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀! Máa lọ!" Ó gbọ́, ó yọ síta, ó ń lọ.

Mi ò tíì rí i kó sáré bẹ́ẹ̀ rí. Ó kọjá ọ̀kan, ó kọjá èkejì, ó ku ọmọbìnrin kan láti Ìjẹ̀bú Òde níwájú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n lu aago ìyípo tó kẹ́yìn, mo ti ń fò sókè. Mo ti rí i nínú aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ tuntun. Ìgbà náà ló bojú wẹ̀yìn.

Ó wo ẹ̀yìn, kò rí àbúrò rẹ̀. Ó tún wò, ó wá rí i lọ́hùn-ún, lódìkejì pápá, tó tẹ̀ kọdọrọ, tó di ẹ̀gbẹ́ mú, tó ń fẹsẹ̀ wọ́. Ẹ̀gbọ́n rọra dín eré kù, ó sì dúró. Kò rẹ̀ ẹ́, kò sì farapa. Ó kàn dúró sójú ọ̀nà rẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de èkejì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé. Mo sáré gba ẹ̀bá okùn tí wọ́n ta yí pápá ká, mo ń pè é, mo ń bẹ̀ ẹ́, mo ń bú u. Ó wò mí, kò lọ. Ọ̀kan kọjá lára rẹ̀, òmíràn kọjá, gbogbo wọn kọjá tán. Nígbà tí àbúrò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dì í lọ́wọ́ mú, àwọn méjèèjì sì rọra ń bá eré lọ títí wọ́n fi dé ìlà ìparí lẹ́yìn gbogbo ènìyàn.

Ẹ ò rí i bí inú àwọn ènìyàn ṣe dùn! Gbogbo wọn dìde, àtẹ́wọ́ gba pápá kan. Obìnrin kan dá orin ìbejì, àwọn tó kù ń gbè é. Wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ wá fún wọn lówó bí wọ́n ṣe máa ń fún ìbejì lówó níbi gbogbo, wọ́n ń fi fóònù ya fídíò wọn, àwọn tó ń wojú Olúwa ń fọwọ́ kàn wọ́n lórí pé kí Ọlọ́run fún àwọn náà ní irú wọn. Èmi nìkan ni mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹkún tí mò ń sun, ẹkún ìbínú ni.

Mo nu ojú mi, mo lọ bá ọkùnrin tó wá mú àwọn ọmọ fún ilé-ìwé eléré náà. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà rí bó ṣe sáré. Ẹ rí i pé òun ni ìkejì kó tó dúró."

Ó ní, "Mo rí i, mà. Ọmọ gidi ni. Ọlọ́run á bù kún un. Àmọ́ ta ni kí n yọ nínú àwọn mẹ́ta tó dé? Kí ni kí n sọ fún ìyá tiyẹn?"

Ọmọ tó ṣe ìkẹta jókòó nítòsí, ó ń bọ́ bàtà tí àtàǹpàkò rẹ̀ ti lu síta, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Mo padà sídìí bọ́ọ̀sì.

Nígbà tí a dé ìdajì ọ̀nà, mo bi ẹ̀gbọ́n léèrè, mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. "Kí ló dé tí o dúró?"

Ó ní, "Àǹtí, mo bojú wẹ̀yìn, mi ò rí i."

Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ìdáhùn tó tó nìyẹn. Àbúrò ti sùn lé e léjìká.

Fídíò ti ṣáájú wa délé. Ìyá wọn ti wò ó, gbogbo agboolé ti wò ó. Ó sáré jáde wá dì mọ́ wọn, ó ń sunkún ayọ̀, ó kọjú sí mi, ó ní, "Ẹ rí i, Àǹtí? Wọn ò fi ara wọn sílẹ̀." Mo ní mo rí i, mà. Mo kí i kú oríire ọmọ, mo lọ sílé, mi ò sì jẹun.

Lọ́dún náà, obì kò jáde dáadáa, iṣẹ́ sì dín kù nínú ìsọ̀. Nígbà tí ìsinmi gígùn ku díẹ̀ kó parí, Ìyá Ìbejì wá bá mi nílé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò fẹ́ jókòó. Ó ní àbúrò ọkọ òun kan tó ń tajà l'Ékòó ń wá ọmọbìnrin tí á máa ràn án lọ́wọ́ nílé àti ní ṣọ́ọ̀bù, pé á máa fi nǹkan ránṣẹ́, ohun tó bá sì fi ránṣẹ́ ni àwọn máa fi san owó ìdánwò ẹnì kan.

"Ta ló máa lọ?"

"Ẹ̀gbọ́n ni. Mi ò yàn án. Òun fúnra rẹ̀ ló ní òun ni àgbà."

Mo ní ẹnu tó bẹ́ẹ̀, ẹ ti gbọ́ ọ, síbẹ̀ mi ò rí ọ̀rọ̀ kan sọ. Gbogbo ohun tí mo ti tò sílẹ̀ láti sọ fún un láti ọjọ́ Abẹ́òkúta ló ti parẹ́. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ tí oje obì ti sọ di pupa, àánú rẹ̀ ṣe mí, inú rẹ̀ sì tún ń bí mi.

Ó ní, "Ẹ sọ nǹkan, Àǹtí. Ẹ bú mi."

Mo ní, "Ọlọ́run á ṣọ́ ọ níbẹ̀, mà." Ó dúpẹ́, ó sì lọ.

Ẹ̀gbọ́n lọ. Àbúrò kò kú, kò sì kọ oúnjẹ. Ó ń wá sílé-ìwé, ó ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀, ó tilẹ̀ sanra díẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ tún dé tí mo fọn fèrè, ó bá àwọn tó kù wá sí pápá, ṣùgbọ́n orí òkúta kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ló jókòó sí, kò bọ́ bàtà ilé-ìwé lẹ́sẹ̀. Mo jẹ́ kí àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀, mo lọ bá a. Mo ní ṣé ara rẹ̀ ò yá ni.

Ó ní ara òun yá. Ó ń fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Àǹtí, èmi ò ní kó dúró o."

"Mo mọ̀ pé o ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé a fẹ́ràn ara wa. Nílé, ní mọ́sáláṣí, gbogbo wọn. Wọ́n ṣì ń wo fídíò yẹn. Mo ti rò ó títí. Bó bá jẹ́ èmi ni mo wà níwájú lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní dúró. Màá lọ ni."

Mo fẹ́ sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kí eléré ṣe, pé ohun tí mo kọ́ wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ti ń sunkún, kò sì fi ọwọ́ bojú.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, tó bá pè yín, ẹ má sọ fún un."

Mo ní mi ò ní sọ. Kò bá wa sáré títí ọ̀sẹ̀ náà fi parí. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ẹ̀gbọ́n fi fóònù ọ̀gá rẹ̀ pè mí láti Èkó. Ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, mo sì ń gbọ́ tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ látinú ilé. Kò sọ nǹkan kan nípa ara rẹ̀. Ohun tó béèrè ni bóyá àbúrò òun ń sáré dáadáa. Mo ní ó ń sáré dáadáa.